Ìkòkò Kì í Ṣe Ìkókó: Bí Mo Ṣe Gba Àṣẹ Ìwalẹ̀ Nínú Igbó Àpáàdì

Ojú wa ṣe mẹ́rin níbi tí èrò pọ̀ sí, níbi tí kò yẹ kí ojú ẹnikẹ́ni ráyè wo ojú ẹlòmíràn. Katakata kọngílá ń bú bí erin tí ọta bà nítan, gbogbo ìlú Òkè-Ìṣàn ti tú jáde sí etí Igbó Àpáàdì, àwọn ìyá pọn ọmọ, àwọn bàbá ká ṣòkòtò sókè, eruku bo ilẹ̀ ó bo ọ̀run. Arábìnrin kan dúró síwájú ẹ̀rọ náà gan-an, ó na ọwọ́ kan bí ọlọ́pàá ojú pópó, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá àfọ́kù ìkòkò kan mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ tí wọn kò tíì sọ lórúkọ. Mo wo ọ̀tún, ojú rẹ̀ ni mo rí. Mo wo òsì, ojú rẹ̀ náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ mọ̀ mí. Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mo wo ẹkùn lójú tí ẹkùn kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jìjàkadì létí odò tí ẹfọ̀n bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun mumi díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ṣẹ́jú. Ìbọn mi bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀, n kò mọ̀, àfi ìgbà tí ìyàwó Baálẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi pé, "Ọdẹ, ohun èlò rẹ ti sùn sílẹ̀ o."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kí ẹ má baà rò pé nítorí ojú nìkan ni mo ṣe wọ igbó. Ọ̀nà ọ̀dà ni kọngílá ń là, ọ̀nà náà sì fẹ́ gba àárín Igbó Àpáàdì kọjá. Bí katakata ṣe họ etí igbó báyìí, ìkòkò ló ń yọ bí ẹni hú iṣu: èyí tí wọ́n ya ejò sí lọ́rùn, èyí tí wọ́n ya alángbá sí níkùn, èyí tí ó ní ojú àti imú bí èèyàn. Mosúnmọ́lá ni orúkọ arábìnrin náà, láti Ìbàdàn ló ti wá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni títọ́jú ohun àwọn ará ìgbàanì. Ó ní òfin wà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ilẹ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Kọngílá ní ó dáa, kí arábìnrin náà wá wà á kíá kí àwọn ráyè kọjá. Mosúnmọ́lá ní òun náà kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kàn án láìsí ìwé àṣẹ. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú ẹjọ́ wo lèyí tó de olè tó tún de olóko. Mosúnmọ́lá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ṣàlàyé pé ìjọba ti ṣetán láti fún òun ní àṣẹ, ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ẹni tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda. Kọngílá wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun fún wọn di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ó ní bí ìwé kò bá dé lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí òun, nítorí katakata òun kò mọ̀wé.

Gbogbo ojú yí sí Baálẹ̀. Baálẹ̀ họ orí títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ó ní àwọn bàbá àwọn bá igbó yẹn níbẹ̀ ni, wọn kò ni ín, ìta ni wọ́n ti máa ń kí i. Bí òun bá wá fọwọ́ sí ìwé, ṣe ni òun fi oko olóko ṣe àlejò. Àwọn tó ni ín wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìyọ̀ǹda, kó lọ bá wọn nílé. Gbogbo ojú bá tún yí, ó di ọ̀dọ̀ mi. Mosúnmọ́lá rìn gba àárín èrò kọjá títí ó fi dé iwájú mi, ó na lẹ́tà kan sí mi, ó ní, "Bọ̀dá Ọdẹ, ṣé ẹ lè bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Bọ̀dá! Èmi tí ọkàn mi ń lù kì-kì-kì bí odó ilé àna. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹni tó wọ inú igbó yẹn gbẹ̀yìn, ajá rẹ̀ nìkan ló padà, ajá náà kò sì gbó mọ́ láyé. Ohun tí ẹnu mi sọ ni pé, "Ó ti débẹ̀." Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ rọra. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ẹni tó rán mi ní ẹyinjú bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ta ni kò ní bẹ̀rù?

N kò ní fi oúnjẹ tí mo jẹ àti igi tí mo fara tì yọ yín lẹ́nu. Mo wọ igbó ní òwúrọ̀, mo sì rìn títí mo fi dé etí odò kan tí omi rẹ̀ pupa bí osùn. Okìtì ọ̀gán kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ lórí pẹrẹsẹ bíi tábìlì, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀dá kan jókòó tó ní orí mẹ́ta lórí ọrùn kan. Orí kìíní wọ gíláàsì ojú tí wọ́n fi igbá gbẹ́. Orí kejì ń jẹ obì. Orí kẹta sùn, ó ń han-anrun. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo mú ìwé wá fún onílẹ̀. Orí kìíní gba ìwé, ó yí i lókè yí i nísàlẹ̀, ó ní ó dára púpọ̀, kí n gbé e fún orí kejì. Orí kejì kò wò ó rárá, ó ní, "Kì í ṣe tábìlì mi." Mo ní tábìlì kan ṣoṣo ni mo rí. Ó ní ojú mi ni kò ríran. Mo bi í pé tábìlì ta wá ni. Ó ní ti ọ̀gá, ọ̀gá kò sì tíì dé ìjókòó. Mo ní ọ̀gá dà. Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí orí kẹta. Mo ní ṣebí ó wà lórí ìjókòó yìí. Orí kìíní ní ìdí rẹ̀ ti dé ìjókòó lóòótọ́, ojú rẹ̀ ni kò tíì dé, kí n lọ kí n padà wá lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ gba ìwé rí ní ọ́fíìsì kan, ẹ ń mi orí, mo rí yín. Ọdẹ tó bá gbọ́ "padà wá lọ́la" nínú igbó, ọ̀la náà ni yóò pa á. Bí mo ti rò ó báyìí, mo ń gbọ́ tí àwọn ọ̀nì inú odò pupa náà ń súnmọ́ etí omi, wọ́n ń tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó wá jẹun. Mo rọra yọ áásà mi, mo bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo sì fẹ́ ẹ sí imú orí tó sùn. Ọ̀nà ọ̀fun kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò! Bí ọ̀gá ti sín, orí kejì sín, obì fò jáde lẹ́nu rẹ̀, orí kìíní sín, gíláàsì igbá fò lọ ba ọ̀nì kan lójú, àwọn ọ̀nì tó kù sá. Ọ̀gá la ojú. Ó bi mí pé láàárín ẹni tó ń tọrọ àṣẹ àti ẹni tó ń fúnni láṣẹ, ta ló jù. Mo ní ẹni tó gbé ìwé ló jù, nítorí bí ó bá já sódò báyìí, ẹni tó tọrọ kò rí gbà, ẹni tó fẹ́ fúnni kò rí ẹni fún. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ọ̀gá ní wọn kò tíì bá òun sọ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti wà lórí ìjókòó. Ó ti àtàǹpàkò bọ amọ̀, ó lu òǹtẹ̀ sí mi níwájú orí, ó ní kí n máa kọjá.

Òdìkejì odò ni mo ti rí Ìyá Amọ̀kòkò, ẹni tó ni ilẹ̀ náà. Ilé rẹ̀ kò ní ògiri, ìkòkò tí wọ́n tò léra ni ògiri rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, amọ̀ ni láti orí dé ẹsẹ̀, amọ̀ dúdú tó ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para. Àwọn ìlà tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni ìlà tó wà lọ́rùn àfọ́kù tí Mosúnmọ́lá gbá mọ́ra. Ó pọn ọmọ tuntun kan sẹ́yìn, amọ̀ lọmọ náà, kò tíì gbẹ, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Mo kí i ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ èèyàn, kí lo wá dé ibí?" Mo ní ìwé ni wọ́n fi rán mi. Ó ní kí n kà á.

Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn ná. Mo mọ̀wé o. Mo ka ìwé dé kíláàsì kẹrin, olùkọ́ wa sì sọ pé bí mo bá dúró sí i, n ó di adájọ́. Ìyá mi ní bí mo bá dúró sí i, pàṣán ni yóò pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ lẹ́tà náà ní Ìbàdàn kò ní àmì ohùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló wà ní orí òfo, kò sí èyí tó dé fìlà. Bí mo sì ti gbójú sókè kí n tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin yẹn juwọ́ sí mi. Mo gbé ohùn sókè bí akọ̀wé kóòtù, mo kà á báyìí:

"Ẹ̀yin onílẹ̀ wa ọ̀wọ́n, a ń tọrọ àyè kí á wa ilẹ̀ yín, kí á kó gbogbo ìkókó tí ó wà níbẹ̀. A ó fọ̀ wọ́n, a ó sá wọn sóòrùn, a ó kọ nọ́ńbà sí wọn nídìí. Èyí tí ó bá ti fọ́, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. A ó to ìkókó wọ̀nyí sórí pẹpẹ, kí gbogbo ayé lè máa wá wò wọ́n."

Mo ti ń wá ibi tí n ó ti gba oríyìn, kí n tó rí i pé ẹyẹ inú igbó ti dákẹ́. Ìyá Amọ̀kòkò na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọmọ rẹ̀ mú. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Gọ́ọ̀mù?" Kí n tó dáhùn, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ti ń dìde láti inú ilẹ̀, amọ̀ ni wọ́n, apá wọn tó odó, ìgbésẹ̀ wọn ń mi igi. Mo sá! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, sísá wà nínú iṣẹ́ ọdẹ. Mo sá tí òjìji mi fi ń bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun. Mo gun igi, wọ́n fa igi tu. Mo fò sórí àpáta, wọ́n gbé àpáta. Ìgbà tí kò sí ibi tí n ó sá sí mọ́, mo rí odù, ìkòkò ńlá kan tó la ẹnu sílẹ̀, mo bẹ́ sínú rẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, wọ́n ń yí mi lọ sí ibi iná tí wọ́n fi ń sun ìkòkò. Ooru ti ń bà mí lẹ́sẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nínú odù yẹn kì í ṣe ikú o, ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́. Pé Mosúnmọ́lá yóò dúró létí igbó lọ́jọ́ ọjà, tí yóò máa wo ojú ọ̀nà, tí katakata yóò sì gorí àwọn nǹkan tó fi àyà dáàbò bò, nítorí pé ẹni tó rán kò mọ̀wé kà, ni mo ń rò.

Ibẹ̀ ni mo ti fi ìkúùkù lu ara odù náà kí wọ́n lè dúró. Odù dáhùn: kò, kò. Mo tún lù ú: kò, kò. Mo lanu. Dò-dò ni, kì í ṣe mí-mí! Ohun tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà ń pe orúkọ ara rẹ̀ sí mi létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú bí aṣiwèrè, mo ń ké pé, "Ìyá mi, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀! Ìkòkò ni, kì í ṣe ìkókó! Ìkòkò ni wọ́n fẹ́ wà!"

Odù dúró. Ojú Ìyá Amọ̀kòkò yọ lókè lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n tún lù ú, mo lù ú. Ó ní kí n tún sọ ọ́, mo sọ ọ́. Ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi sán, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sáré gbé amọ̀ tútù wá fi dí i, kí ìyá wọn má baà fọ́ tán mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ó fà mí jáde, ó sì jókòó.

"Ọdẹ," ó ní, "ẹnu rẹ ṣì í sọ, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́. Bí ìyá rẹ ti bí ọ, níbo ni wọ́n fi ibi tó tẹ̀lé ọ jáde sí?"

Mo ní inú ìkòkò ni, wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wa, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ó dáa. Ìkòkò ọbẹ̀ wà níhìn-ín, ìkòkò omi wà, ìkòkò aró wà. Kí wọ́n wà wọ́n, kí wọ́n wò wọ́n, mo mọ wọ́n dáadáa, ojú kò sì tì mí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá rí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ti ìkókó ni. Ẹni tó bá hú u, gbòǹgbò èèyàn ló hú."

Mo wò yíká ilé náà, mo rí i pé abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan ní ìkòkò kan tó dojú bolẹ̀, ti àwọn ọmọ ìlú kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, tí wọ́n ti bí, tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n ti kú. Ìgbà tó rí i pé mo ti banú jẹ́ jù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n já àlọ́ kan: kí ló wọ inú ilẹ̀ tí kò hù, tí kò sì jẹrà? Mo ní àpáàdì ni, kíá. Ó ní mo gbà á, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan. Mo ronú, mo ní òkúta. Ó ní rárá. Mo ní irin. Ó ní irin a máa dípẹtà. Ó wá ní ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kò rí sọ fún obìnrin tó wù ú ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dúró níwájú àwọn abàmì ẹ̀dá tó pọ̀, n kò mọ èyí tó fi ìtìjú bò mí bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọmọkùnrin amọ̀ yẹn tí wọ́n fẹ́ sun mí lẹ́ẹ̀kan ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó wá sọ ohun tí òun fẹ́ gbà dípò ìyọ̀ǹda. Àkọ́kọ́ ni ti ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn án, kí wọ́n sì yí ọ̀nà ọ̀dà wọn gba ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. Ó ní ọdẹ ni wọ́n ń pe ẹni tó ń pa ẹran, ọdẹ náà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ́ bá kan ilẹ̀ òun, kí n ti ìdí ọdẹ kan bọ́ sí èkejì. Ìbọn mi kò gbọdọ̀ dún nínú Igbó Àpáàdì mọ́, ìkòkò ni n ó máa ṣọ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín lọ. Ẹkùn tó bá gbọ́ ọ náà yóò rẹ́rìn-ín. Mo gbà. Ó ní ó ku ẹyọ kan: ìkòkò òun kò gbọdọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ìlú tó wà nítòsí ni kí wọ́n kọ́lé fún wọn sí, ẹni tó bá sì wà wọ́n jáde, òun ni kó jókòó tì wọ́n, nítorí ẹni tó jí àgbà lójú oorun kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ìyẹn kúrò. Mo ní wọn yóò rò pé èmi ni mo fi kún un. Ó bi mí pé ta ni yóò rò bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì bínú. Mo fi èédú kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn lẹ́tà, mo dé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní fìlà tirẹ̀, àmì lókè, àmì nísàlẹ̀. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i, amọ̀ náà gbẹ lórí bébà lójú ẹsẹ̀, ó le bí òǹtẹ̀ ààfin.

Ọjọ́ ọjà ni mo já sí etí igbó. Èéfín katakata ti ń lọ sókè, kọngílá ti gorí rẹ̀, ìdajì ìlú ti wà níbẹ̀. Mosúnmọ́lá jókòó sílẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, eruku ti kun irun rẹ̀. Ó rí mi, ó dìde, ó rí òǹtẹ̀ amọ̀ níwájú orí mi, ó sì sáré wá. Ó na ọwọ́. Mo fi ìwé pa mọ́ sẹ́yìn.

Mo ní kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Mo sọ ti ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kò rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò kọ ọ́ sínú àṣẹ náà kó lè di òfin. Kọngílá pariwo láti òkè pé ọ̀nà lè yẹ̀ díẹ̀, kí a sáà ṣe kíá. Mo sọ ti ìbọn mi, ó wo ìbọn náà, ó wo èmi, ó ní, "Ẹ sì gbà?" Mo ní mo gbà. Ó wá ku ti ẹ̀kẹta. Mo wúkọ́. Ìyàwó Baálẹ̀ ní ẹnu ọdẹ ti há bí ìbọn tó gba omi.

"Wọ́n ní àwọn ìkòkò kò gbọdọ̀ kúrò ní ìlú yìí," mo ní, "àti pé ẹni tó bá wà wọ́n ni kó jókòó tì wọ́n. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, n ó padà lọ bá wọn."

Ó mọ ohun tí "padà lọ" yóò ná wa, nítorí katakata ń kùn, ọjọ́ sì ti pé. Ó wo ojú ọ̀nà Ìbàdàn. Ó wo igbó. Ó pẹ́ nídìí wíwò náà tó bẹ́ẹ̀ tí kọngílá fi pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyàwó Baálẹ̀ ni Mosúnmọ́lá yíjú sí.

"Màmá," ó ní, "ǹjẹ́ yàrá kan wà ní ìlú yín tí èèyàn lè háyà, tí òrùlé rẹ̀ kì í jò?"

Ìyàwó Baálẹ̀ wò ó, ó wò mí. "Yàrá wà," ó ní. "Ti òrùlé nìkan ni ká wá ọkùnrin tí yóò máa gùn ún."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi na ìwé náà sí i. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á.